Aṣọ Ògiri

Ènìyàn kì í rìn níhòòhò, ògiri náà kò sì fẹ́ wà níhòòhò. Bí a bá kọ́ ilé tán tí a kò rẹ́ ẹ, tí a kò kùn ún, àwọn tí ń kọjá lọ yóò máa bèèrè bóyá owó ló tán lọ́wọ́ onílé ni tàbí ikú ló pa á. Ṣùgbọ́n aṣọ ògiri pọ̀ lọ́jà láyé òde òní tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí yóò yan ọ̀kan nínú wọn kì í mọ èyí tí yóò mú. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi yan aṣọ fún ògiri pálọ̀ kan ṣoṣo, pálọ̀ ọ̀hún kì í sì í ṣe tèmi.

Pálọ̀ ìyá mi ni, nínú ilé tí bàbá wa kọ́ sí Ìbàdàn ní 1958. Ilé alámọ̀ ni. Ní 1974, nígbà tí owó wọlé díẹ̀, Bàbá ní kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ tinú tòde, láti ìgbà náà ni àwọn tí kò mọ̀ sì ti ń pè é ní ilé bíríkì. Wọ́n kun pálọ̀ náà kẹ́yìn ní 1991. Bàbá kú ní 2019, Ìyá nìkan ló kù níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọmọ wọn kan tí ń kàwé.

Ní oṣù kẹwàá 2022 ni ẹ̀gbọ́n mi àgbà, tí wọ́n ti ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1988, fi owó àti àwòrán ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Àwòrán pálọ̀ tiwọn ni. Wọ́n ti fi pákó tín-ín-rín tín-ín-rín ya gbogbo ògiri náà sí onígun mẹ́rin mẹ́rin láti ilẹ̀ dé àjà, wọ́n sì kùn ún ní àwọ̀ ewé tó ti ń gbẹ. Ó dára, n kò ní purọ́. Wọ́n ní Ìyá yóò pé ẹni ọdún 85 ní oṣù kẹrin, àwọn ń bọ̀ wá sílé fún ayẹyẹ náà pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ, bí àwọn sì ti fẹ́ kí pálọ̀ Bàbá rí kí àwọn tó dé nìyẹn. “Bo gbogbo rẹ̀,” bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí, “kí ẹ̀gbin ibẹ̀ lè pamọ́.”

Kí n tó sọ èsì tí mo fún wọn, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ibi tí àṣà náà ti wá, nítorí ẹni tí yóò wọ aṣọ ìlú kan yẹ kó mọ irú ojú ọjọ́ tí wọ́n dá a fún. Òtútù ló kọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní pákó bíbò. Òkúta ni ògiri ilé àwọn ọlọ́lá wọn láyé àtijọ́, òkúta a sì máa tutù bí omi òjò. Wọ́n kọ́kọ́ ń ta aṣọ nípọn sí i lára. Lẹ́yìn náà wọ́n ń fi pákó bò ó, pákó igi óòkù tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wá láti etí òkun Báltíìkì. Ní nǹkan bí 1500, àwọn agbẹ́gi wọn a máa gbẹ́ ojú pákó náà bí ẹni pé aṣọ tí a ká ní ìṣẹ́po ìṣẹ́po ni. Irú rẹ̀ wà ní ààfin Hampton Court títí di òní. Ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n mú aṣọ kúrò lára ògiri, wọ́n fi pákó rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì tún sọ pákó di aṣọ. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1700, pákó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ ní ilé wọn. Kò dé àjà mọ́, ó dúró ní ibi tí ẹ̀yìn àga lè gbá lára ògiri, wọ́n sì fi ọ̀dà tàbí bébà aláràbarà sí òkè. Igi gbọọrọ kan ló dé e lórí bí ìgbátí aṣọ, igi náà ni kì í jẹ́ kí àga ha ògiri.

Kò sí irú òtútù bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn. Ti ọyẹ́ nìkan la ní, kíjìpá kan sì tó fún un. Nítorí náà mo bi ara mi pé kí ni pákó wá ṣe lára ògiri wa.

Mo lọ sí ọjà. Bí ẹ kò bá tíì wọ irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ rí, ẹ lọ wò ó, ìran ni. Oníke PVC ń bẹ níbẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní àwòrán òkúta mábù, ó fẹ́lẹ́, ó ń dán bí ojú awo. Fóòmù ń bẹ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní gọ́ọ̀mù, tí a ń lẹ̀ mọ́ ògiri bí ẹni lẹ sítáàǹbù, tí yóò sì dà bí bíríkì. MDF ń bẹ tí wọ́n ti gé sí oríṣiríṣi ọ̀nà. Èyí tó wà lẹ́nu gbogbo ayé báyìí ni èyí tó ní poro poro bí ebè oko, tó dúró gbọọrọ láti òkè dé ilẹ̀. Kò sí ilé ìtura tuntun tí ẹ máa wọ̀ tí ẹ kò ní bá a lẹ́yìn ẹni tí ń gba owó. Ó wù mí. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo rántí eruku ọyẹ́, tí mo sì ka poro tó wà nínú pákó kan ṣoṣo, mo ní ta ni yóò máa nu gbogbo ìwọ̀nyí fún ìyá arúgbó? Ọmọkùnrin tí ń tajà náà rí i pé mo ń ṣiyèméjì. Ó ní, “Dádì, ọjọ́ kan ṣoṣo la ó fi lẹ̀ ẹ́ tán. Ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ògiri wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé délé. Ọmọ náà rò pé ìyìn lòun fi ń yin ọjà òun.

Àwọn kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi gbà pé àwa kì í bo ògiri ní tiwa, pé Òyìnbó ló kọ́ wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá wa a máa po ìgbẹ́ màlúù mọ́ omi ewé, wọn a fi pa ilé títí yóò fi máa dán. Obìnrin ló ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣàìkirè ní Ilé-Ifẹ̀, àwọ̀ lórí àwọ̀. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ń fi sìmẹ́ńtì ṣe òdòdó sí ara ilé wọn ní Èkó. Èyí tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 1855, ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o palẹ̀ ní 2016. Ní Òṣogbo, Àṣírù Ọlátúndé tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ fi òòlù lu bàbà àti alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ di igi tó kún fún ẹyẹ àti ẹranko, ó sì di ohun tí wọ́n ń kọ́ sí ara ògiri kí ó tó kú ní 1993.

Ní ti pákó gbígbẹ́, ojú ilẹ̀kùn àti ara òpó ni tiwa, kì í ṣe ojú ògiri. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún Ògògà ìlú Ìkẹ́rẹ́ ṣáájú ogun 1914 ni a lè fi ṣe àpẹẹrẹ: ọba jókòó sí apá kan, Òyìnbó tí wọ́n rù wọ̀lú wà ní apá kejì. Wọ́n gbé e lọ sí àfihàn ńlá tó wáyé ní Wembley ní 1924, ó wu àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́dọ̀ wọn ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wọn ní Lọ́ńdọ̀nù ló sì wà di òní. (Èmi kò tíì rí ẹni tó sọ fún mi pé pàṣípààrọ̀ náà dọ́gba.) Lójú tèmi, ìdí tí wọ́n fi fi igi sí ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ògiri sílẹ̀ kò ṣòro. Ògiri amọ̀ ń fẹ́ kí a máa fi ọwọ́ kàn án, kí a máa pa á, kí a máa tún un rẹ́. Bí a bá ti fi pákó dí i lójú, ta ni yóò máa mọ ìgbà tí ara rẹ̀ kò yá?

Ara ògiri ìyá mi kò sì yá. Ọ̀dà ti ṣí kúrò nísàlẹ̀ rẹ̀, iyọ̀ funfun yọ lójú sìmẹ́ńtì, ẹ̀yìn àga sì bu bíi búrẹ́dì ọlọ́jọ́ márùn-ún. Ìyá ń wúkọ́ lálẹ́. Mo mú mọlémọlé kan lọ wò ó. Kò wo inú ilé rárá ní àkọ́kọ́, ìta ló lọ. Ó fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, ó ní, “Alàgbà, ẹ wo títì yín.” Mo wò ó. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún títì wa ṣe ni wọ́n ń da ọ̀dà dúdú tuntun lé ti àtijọ́ lórí, títí títì fi ga ju ilẹ̀ pálọ̀ lọ. Páànù kò sì ní ọ̀sọ̀rọ̀. Omi òjò ń já bọ́ sí ẹsẹ̀ ògiri, kò rí ibi gbà, ó ń wọ inú amọ̀, ó ń gun òkè. Ó fi ìka kan ògiri nínú ilé, ó dún bí igbá òfìfo. Ó ní omi tó wọ inú amọ̀ ì bá ti máa gba ojú ògiri jáde bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ sí i, sìmẹ́ńtì 1974 ló dí i mọ́nú. “Bí ẹ bá wá tún lẹ ike lé sìmẹ́ńtì lórí, aṣọ lẹ fi bo egbò. Yóò lẹ́wà ní ọdún kan. Lẹ́yìn rẹ̀, aáyán àti ọmọ́nlé ni yóò máa gbébẹ̀, ìyá yóò sì máa wúkọ́ nìṣó.”

Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ìta. A gbẹ́ gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ ilé, a fi ọ̀sọ̀rọ̀ sí páànù, a sì ha sìmẹ́ńtì kúrò lára ògiri nínú ilé láti ilẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, nítorí àmì omi kò kọjá ẹsẹ̀ bàtà méjì àti ínǹṣì mẹ́rin níbi tó ga jù. Amọ̀ 1958 yọ jáde, pupa fòò, pẹ̀lú ipa ìka àwọn tó mọ ọ́n. A ṣí fèrèsé sílẹ̀, a ní kí ọyẹ́ wá ṣiṣẹ́. Oṣù kọkànlá, oṣù kejìlá, oṣù kìn-ín-ní. Ẹ̀gbọ́n mi ń pè, wọ́n ń bèèrè bóyá ògiri ń gbààwẹ̀ ni. Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ó ń gbààwẹ̀ omi.” Wọn kò rẹ́rìn-ín.

Láàárín àkókò yìí ni mo lọ bá Bàbá Káfíńtà. Àgbà ni wọ́n, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, àwọn ló kan àga pálọ̀ náà pàápàá. Mo fi àwòrán Lọ́ńdọ̀nù hàn wọ́n. Wọ́n gba fóònù, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, “Ìyẹn ń díbọ́n ni. Ìlà lásán ni wọ́n kàn mọ́ ògiri, kò sí pákó láàárín rẹ̀.” Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi ohun tí n kò mọ̀ rí. Pákó ń mí. Ní ìgbà òjò a wú, ní ìgbà ọyẹ́ a sún kì, kì í sì í ṣe ní gígùn rẹ̀ bí kò ṣe ní ìbú rẹ̀. Bí a bá fi ìṣó kan pákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ ibì kan pinpin, yóò là. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe é ní férémù: igi mẹ́rin yí i ká, wọ́n gbẹ́ poro sínú igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pákó àárín wọ inú poro náà láìní ìṣó, láìní gọ́ọ̀mù, ó sì ní àyè láti wú àti láti sún kì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀kùn rí. Gbogbo onígun mẹ́rin tó wà lára ògiri àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ló bí i, igi tí ń mí ló bí i. Àwọn tí ń kan ìlà mọ́ ògiri lónìí, ojú lásán ni wọ́n jogún, wọn kò mọ ìdí rẹ̀.

Àwa méjèèjì lọ sí ọjà pákó Bódìjà. Àfàrà kò wọ́n, ó sì rọrùn láti fá, àmọ́ ikán fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọdé ti fẹ́ràn dòdò. Ọ̀gànwó dára, owó rẹ̀ ni kò dára. A mú ìrókò, nítorí ikán kì í fẹ́ fi ẹnu kàn án. Oṣù kejì 2023 ni, ẹ rántí bí owó náírà ti wọ́n tó nígbà náà, ẹlẹ́pákó kò gba ti báńkì, owó ọwọ́ ló fẹ́, ọjọ́ mẹ́ta ni mo sì fi ṣa á jọ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ bí yóò ti ga tó. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó dé àjà. Bàbá Káfíńtà ní ibi yòówù tí a bá fẹ́ làwọn lè gbé e dé, owó pákó ló yàtọ̀. Mo lọ bá Ìyá, mo ṣe àlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn: ti poro poro, ti ike, ti ìrókò, ti àwọ̀. Wọ́n gbọ́ ọ títí. Wọn kò bèèrè àwọ̀, wọn kò bèèrè iye. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bèèrè. Wọ́n ní, “Ọkọ mi, níbo ni yóò dé?”

Mo ní n kò tíì mọ̀. Wọ́n dìde, wọ́n lọ sí ibi àga Bàbá, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí ara ògiri ní òkè àga náà. “Kó má kọjá ibí.”

Àmì kan wà níbẹ̀ tó ti wà lójú mi látọjọ́ pípẹ́ débi pé n kì í rí i mọ́. Ó fẹ̀ tó ọmọrí ìkòkò kékeré, ó dúdú díẹ̀, ó sì ń dán. Orí Bàbá ló ṣe é. Ní alaalẹ́, bí wọ́n bá ti jẹun tán, wọn a gbé orí ti ògiri, wọn a máa gbọ́ rédíò. Òróró ìpara, òógùn, àti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n láti ìgbà tí wọ́n ti kùn ún kẹ́yìn. Ẹ̀gbin tí ẹ̀gbọ́n mi ní kí n bò nìyẹn. Àwòrán tí mo fi ránṣẹ́ sí wọn ni wọ́n ti rí i. Mo mú ìwọ̀n, mo wọ̀n ọ́n: ìsàlẹ̀ àmì náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ínǹṣì márùn-ún sí ilẹ̀.

Mo pe Lọ́ńdọ̀nù lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, pákó yóò dúró ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, níbi tí omi dé. A óò kun òkè rẹ̀, àfi ibì kan.” Wọ́n bínú. Wọ́n ní àwọn kò ran owó wá kí àlejò lè máa wo ìdọ̀tí, pé kí ni àwọn ọmọ àwọn yóò rò nípa ilé bàbá wọn, pé ta ló lówó náà gan-an? N kò dá wọn lóhùn. Ẹni tí a bí ṣáájú ẹni kì í ṣe ẹni tí a ń bá jiyàn lórí fóònù. Mo gbé fóònù náà fún Ìyá.

Ìyá kì í pẹ́ lórí fóònù. Wọ́n kí wọn, wọ́n bèèrè ìyàwó, wọ́n bèèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Bí àwọn ọmọ rẹ bá dé, níbo ni o fẹ́ fi hàn wọ́n pé bàbá rẹ máa ń jókòó sí?” Wọ́n dúró díẹ̀. Wọ́n ní kó sùn dáadáa, wọ́n sì dá fóònù padà fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà lórí rẹ̀, mo ń gbọ́ mímí wọn, ṣùgbọ́n wọn kò sọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ kejì, owó tó kù wọ àpò mi ní báńkì láìsí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta. A kó Ìyá lọ sí ilé àbúrò mi obìnrin, nítorí ìyẹ̀fun ìrókò a máa yún èèyàn lára, a sì máa dí ẹni tí ń wúkọ́ ní ọ̀fun; Bàbá Káfíńtà pàápàá fi aṣọ di imú. Wọ́n kọ́kọ́ kan igi wẹ́wẹ́ mọ́ ara amọ̀ náà, wọ́n jẹ́ kó jìnnà síra, kí pákó má baà fara kan ògiri. Wọ́n dá àlàfo sísàlẹ̀ lókè ilẹ̀ díẹ̀, wọ́n dá òmíràn sí abẹ́ igi ìdérí, afẹ́fẹ́ ń gba ìsàlẹ̀ wọlé, ó ń gba òkè jáde. Amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ wà níhòòhò, a kò rẹ́ ẹ. Wọn kò kun ìrókò náà, òróró ni wọ́n fi pa á, ó sì pọ́n bí epo tó ti dì. Akunlé tó kun òkè dé ibi àmì náà, ó fi búrọ́ọ̀ṣì yí i ká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí ń gẹ irun etí, kò sì bi mí ní ìdí.

Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù dé, a ṣe ayẹyẹ, a jó. Àbíkẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi, tí kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ, jókòó sí àga náà, ó gbé orí ti ògiri, orí rẹ̀ kò dé ibẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kó jókòó dáadáa.

Ìyá ní ẹ̀sùn kan ṣoṣo. Wọ́n ní igi ìdérí náà tín-ín-rín jù, rédíò kò lè dúró lórí rẹ̀. Bàbá Káfíńtà padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n fi pákó ínǹṣì mẹ́rin kún un ní ẹ̀gbẹ́ àga Bàbá. Rédíò àti awò ojú Ìyá ló wà níbẹ̀ báyìí, pẹ̀lú obì tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn.